Ìṣáná àti Imú Bàbá Káfíńtà

Ìṣáná ni wọ́n ń pe obìnrin náà nínú ẹgbẹ́ eléré ìje wọn. Kì í ṣe pé ó pupa, kì í sì í ṣe pé ó gùn gbọọrọ. Bí wọ́n bá ti ṣá a báyìí ló ń gbiná. Kí àwọn tó kù tó gbé orúnkún nílẹ̀, ó ti fi odindi ìṣísẹ̀ kan ṣíwájú, eré ọgọ́ta mítà kò sì gùn tó ibi tí èèyàn ti lè rí odindi ìṣísẹ̀ kan gbà padà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Aṣọ ló ń lọ̀ ní ilé alágbàfọ̀ kan láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì lórí ṣẹ́ẹ̀tì, kọ́là lórí kọ́là, ẹsẹ̀ tó fi ń dúró ti tábìlì náà ló sì fi ń sáré. Orúnkún rẹ̀ òsì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ọdún tó kọjá. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá sáré nínú ìdíje inú gbọ̀ngàn tó ń bọ̀ lọ́dún yìí, ó parí náà nìyẹn, ó di kí òun máa wo àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n.

Èèyàn mẹ́rin péré ni ẹgbẹ́ náà. Yàtọ̀ sí Ìṣáná, àbúrò rẹ̀ obìnrin wà níbẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, tó ń po ìyẹ̀fun ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì, tí gbogbo wọn sì ń pè ní Oníbúrẹ́dì. Onígbàjámọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń sá igba mítà, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ló mọ̀ ọ́n sọ jù. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin wọn ni Bàbá Káfíńtà, olùkọ́ wọn, òun ló sì ni ilé pákó tí wọ́n ti ń sáré. Ilé náà gùn bí ẹni pé ẹni tó kọ́ ọ gbàgbé láti dáwọ́ dúró. Pákó dúró gbágbáágbá lọ́tùn-ún, pákó dúró gbágbáágbá lósì, ọ̀nà tóóró kan wà láàárín. Ní ìparí ọ̀nà náà, wọ́n so fóòmù bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin tó ti gbó mọ́ ògiri, nítorí pé nínú gbọ̀ngàn, bí èèyàn bá sáré tán, ògiri ló kàn.

"Abẹ́ òrùlé lẹ ti ń lọ díje," Bàbá Káfíńtà máa ń wí, "abẹ́ òrùlé náà la ó ti múra sílẹ̀. Kí etí yín mọ bí ariwo ṣe ń dún nínú ilé."

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n ń pàdé kí oníkálukú tó gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bàbá á dúró sẹ́yìn wọn, pákó ìrókò kéékèèké méjì lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ gba àyè yín." Wọn á kúnlẹ̀, wọn á ti ẹsẹ̀ mọ́ igi ìtẹsẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kàn. "Ẹ múra." Wọn á gbé ìdí sókè. Lẹ́yìn náà ni yóò gbá pákó méjèèjì pọ̀, pá!

Obìnrin kan ṣoṣo ni ìdíje náà ń gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ọgọ́ta mítà. Nítorí náà ni Bàbá ṣe ní kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sá a lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹni tó bá gba méjì lọ. Ìṣáná ló gba méjì, kò sì fi ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Oníbúrẹ́dì dì mọ́ ọn, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ kú oríire o," ó rẹ́rìn-ín, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́. Ìṣáná kò wo ojú rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ náà. Inú tirẹ̀ ń dùn jù.

Ó wá ku ọjọ́ méjìlá kí ìdíje pé. Lọ́jọ́ Ajé náà, Bàbá Káfíńtà wọlé bí ọkọ ìyàwó. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí eruku pákó ti dí i nímú, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ti fún un ní oògùn kan tí wọ́n ń kán sí imú, imú náà sì ti là gbayawu.

"Mo ń gbọ́ òórùn pákó mi!" ó ń pariwo. "Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, ṣé bí ìrókò ṣe ń ta sánsán báyìí lẹ̀ ń gbọ́ ọ, tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," Onígbàjámọ̀ dá a lóhùn, "ẹ má wulẹ̀ sún mọ́ bàtà mi lónìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kúnlẹ̀. "Ẹ múra." Pá! Ìṣáná gbéra, ó sì rí ohun tí kò rí rí: ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìsàlẹ̀ bàtà ọmọ náà ní àwọ̀ ewé. Ó sá tẹ̀ lé e dé orí fóòmù, ó yí padà, ó ní ẹsẹ̀ òun ló yọ̀. Wọ́n tún un sá. Àwọ̀ ewé náà ló tún rí. Ẹ̀ẹ̀kẹta, bákan náà.

"Orúnkún yẹn ni?" Bàbá bi í.

"Orúnkún kọ́, sà. Bóyá mi ò sùn dáadáa ni."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò yàtọ̀. Bàbá fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní, "Ìṣáná, títí àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fi gbà wá láàyè láti pààrọ̀ orúkọ. Mi ò fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n bó bá ń lọ báyìí, màá pààrọ̀ rẹ̀." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò sì sí ìkà nínú rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló wá mọ ohun tó ń ṣe é. Ó wà nídìí tábìlì, ó ń tẹ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá alágbàfọ̀ kọjá lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù aṣọ, òtútù ń mú ọkùnrin náà, ó sì fa imú: fín-ín. Kí Ìṣáná tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti ta, ó ti gbá ẹsẹ̀ tábìlì gbì, áyọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ já lé e lẹ́sẹ̀.

"Kí ló ṣe ẹ́?" ọ̀gá rẹ̀ kígbe.

Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Ọdún méjì ló fi ń kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Káfíńtà, fún odindi ọdún méjì náà ni Bàbá sì máa ń fa imú dídí yẹn lẹ́yìn tó bá ti ní "Ẹ múra," kí ó tó gbá pákó. Fín-ín, lẹ́yìn náà, pá! Àwọn tó kù ń dúró de pákó. Òun, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ́ láti máa gbéra lórí imú, láìjẹ́ kí orí rẹ̀ gbọ́ sí i. Gbogbo eré tó ti ń pè ní tirẹ̀, imú ló fi sá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni méjì tó fi gba àyè mọ́ àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, ǹ bá ní kó lọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n ó rọrùn fún èmi láti sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi ni orúnkún ń dùn, kì í sì í ṣe orúkọ mi ni wọ́n fẹ́ yọ. Ìṣáná lọ sílé, ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ó ní, bí òun bá ṣáà ti lè kọjá ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ mẹ́jọ á ṣì kù tí òun á fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró de ìbọn tí wọ́n fi ń tú eléré ìje sílẹ̀. Ẹ wo irọ́ tí èèyàn lè pa fún ara rẹ̀.

Lọ́jọ́rú, aago márùn-ún kò tíì lù tó fi dé ilé pákó. Ó mú ìgbálẹ̀ líle tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbá ọ̀nà náà láti orí fóòmù títí dé ibi igi ìtẹsẹ̀, kò sì wọ́n omi rárá. Eruku pákó gbéra nílẹ̀, ó dúró sínú afẹ́fẹ́ bí ìkùukùu.

"Ta ló ń gbálẹ̀?" Bàbá bèèrè lẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi ni, sà. Mo ní kí ẹsẹ̀ wa má baà máa yọ̀."

"Ọmọ dáadáa," Bàbá ní. "Ìwọ náà á rí ẹni tó máa tọ́jú ẹ."

Àdúrà náà gún un lọ́kàn, ó sì ṣe àmín. Nígbà tí wọn yóò fi sá ẹ̀ẹ̀kẹta, imú Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí dí. "Ẹ múra." Fín-ín. Ìṣáná ti lọ. Ó dé orí fóòmù kí àbúrò rẹ̀ tó dé, Onígbàjámọ̀ sì pariwo pé ìṣáná tó ti tutù ti gbẹ o, kí wọ́n gbé epo jìnnà sí i. Oníbúrẹ́dì fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀rù yín bà mí lánàá. Ẹ ṣeun tí ẹ padà wá." Ìṣáná bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tún okùn bàtà tí kò tú so.

Lọ́jọ́bọ̀, ó tún gbálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbọn àpò tí wọ́n fi bo àwọn pákó pẹ̀lú, gbùù, gbùù, títí òun fúnra rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí sín. Bàbá fa imú lẹ́ẹ̀kínní, Ìṣáná borí. Bàbá fa imú lẹ́ẹ̀kejì, Ìṣáná borí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n gbé ìdí sókè, wọ́n dúró, wọ́n dúró, kò sí imú, kò sí pákó. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni ikọ́. Kì í ṣe ikọ́ èèyàn tí nǹkan há lọ́fun lásán. Ó ń wá láti ìsàlẹ̀ àyà, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún èémí. Pákó ìrókò méjèèjì já bọ́. Nígbà tí wọ́n fi yíjú padà, Bàbá ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó di àyà mú, ètè rẹ̀ ti ń dúdú.

Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ bá mi gbé wọn jáde! Afẹ́fẹ́ ni wọ́n nílò!" Òun àti Onígbàjámọ̀ fọwọ́ sí i lábẹ́ apá, wọ́n wọ́ ọ jáde síta. Oníbúrẹ́dì já gèlè orí rẹ̀, ó tì í bọ inú korobá omi, ó fi bo imú àti ẹnu bàbá àgbàlagbà náà. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ti kọ́ ọ ní ohun tí ìyẹ̀fun ń ṣe fún èèyàn. "Ẹ mí díẹ̀díẹ̀, Bàbá. Ẹ má kánjú. Ẹ fà á sínú, ẹ jẹ́ kó jáde. Ẹ tún fà á." Ìṣáná dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbálẹ̀ náà wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí ẹni pé odidi ọdún kan ló kọjá kí Bàbá tó mí èémí gidi kan, tí omi sì yọ lójú rẹ̀.

"Eruku yìí ti pọ̀ jù," Oníbúrẹ́dì ní. "Àǹtí mi, kí ẹ máa wọ́n omi kí ẹ tó gbálẹ̀."

"Má bá a wí," Bàbá ní, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Oore ló ń ṣe fún wa."

Ìṣáná gbé báàgì rẹ̀. Ó lọ síbi iṣẹ́. Ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì mọ́kànlélógójì, kò rántí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Ìtìjú bá a jẹun, ìtìjú bá a sùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Bàbá fi aṣọ tútù di imú wá. Ó jókòó sórí àpótí, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìka kan ṣoṣo ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń wá iná orí pa. "Kí n fi ránṣẹ́ sí wọn pé orúkọ Ìṣáná ló dúró, kí ọkàn mi balẹ̀. Ó dá mi lójú báyìí."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ránṣẹ́."

"Kí ló dé?"

"Imú yín ni."

"Imú mi ṣe kí ni?"

"Imú yín ni mo fi ń sáré, sà."

Onígbàjámọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú Ìṣáná, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ìṣáná wá sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, kò yọ ọ̀kan kúrò: bí ó ṣe ń gbéra kí pákó tó dún, ìdánwò tó gbà, tábìlì tó ta nípàá, ìgbálẹ̀, àpò tó gbọn. Ó sọ ọ́ fún Bàbá, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ni kò lè wò.

"O mọ̀?" Oníbúrẹ́dì ní. Láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "o" rí. "O mọ̀, o tún gbá eruku yẹn sí Bàbá nímú? Ká ní wọ́n kú ńkọ́? Wọn ì bá kú sí mi lọ́wọ́ lánàá, ìwọ á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà máa wò wá?"

"Mo ṣẹ̀ yín," Ìṣáná ní. "Mi ò ní àwíjàre."

Bàbá Káfíńtà gbé fóònù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ó ku wákàtí méjì kí wọ́n ti ìwé," ó ní. "Mi ò ní fi ìbínú yan ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní fi àánú yàn án. Ẹ̀yin méjèèjì ẹ máa sá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Onígbàjámọ̀, gba pákó. Lọ dúró sẹ́yìn òkìtì pákó yẹn, níbi tí wọn ò ti ní gbúròó ẹ. Nígbà tó bá wù ẹ́ ni kó o gbá a. Má sì fa imú."

"Bàbá, mi ò ní mí rárá."

Wọ́n kúnlẹ̀. Apá wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, ṣùgbọ́n Oníbúrẹ́dì fa tirẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ gba àyè yín," Bàbá ní. "Ẹ múra."

Ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ìṣáná gbọ́ ọkàn ara rẹ̀ tó ń lù kìkì. Ó gbọ́ èémí àbúrò rẹ̀. Itan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ìka ọwọ́ rẹ̀ ń fún ilẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ, kó ṣáà lọ, ó ti pẹ́ jù. Páànù dún kò lórí òrùlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ta. Ó fi eyín di ètè mú. Ó mọ̀ pé òun lè ta tẹ́tẹ́, kí òun gbéra nísinsìnyí, bóyá pákó á bá òun lọ́nà. Kò gbéra. Ó dúró, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì tó mọ̀ọ́mọ̀ dúró.

Pá!

Ó fò dìde. Àbúrò rẹ̀ wà níwájú, kò pọ̀, ìdajì ìṣísẹ̀. Ìṣáná sáré bí kò ṣe sáré rí. Ó gbàgbé orúnkún, ó gbàgbé orúkọ, ó ń fà á bọ̀, ó ń fà á bọ̀, ó ti rí etí ọmọ náà, ó ti rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Fóòmù gbá àwọn méjèèjì mọ́ra gbì. Èjìká Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ kàn án. Kò sí ẹni tó nílò aago láti mọ̀ ọ́n.

"Ó tán," Bàbá ní. Ó mú fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ orúkọ àbúrò.

"Ẹ má wulẹ̀ tẹ̀ ẹ́, Bàbá." Oníbúrẹ́dì ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ti fóòmù, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Mi ò ní lè wá mọ́. Ọjọ́ tí Àǹtí gba àyè ni mo ti lọ bá màdáámù wa níbi iṣẹ́, mo ní kí wọ́n fi mí sí iṣẹ́ ìdájí. Ọ̀la ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́rin sí aago méje ààbọ̀, lójoojúmọ́. Mo ní, kí ni mo tún ń jí sáré fún? Ọdún méjì ni mo fi ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ti gbà pé mi ò mọ eré sá."

"O sì ń wá títí di òní?" Onígbàjámọ̀ bi í.

"Kó lè rí ẹni bá sá ni," Oníbúrẹ́dì ní. "Ta ni ì bá máa bá a sá?"

Ìṣáná fọwọ́ bo ojú. Gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ sí i láàárọ̀ yẹn, kò sí èyí tó dùn ún tó gbólóhùn yìí. Ó sunkún, kò sì sí ẹni tó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

"Bàbá, ẹ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́," ó ní nígbà tí ohùn rẹ̀ padà. "Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìdájí, ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ní ọ̀sán, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá alágbàfọ̀, ó lọ sí ilé iṣẹ́ búrẹ́dì. Màdáámù ibẹ̀ jẹ́ obìnrin tó sanra, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní òun ò lè dá iṣẹ́ ìdájí padà, ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ti lọ bímọ. Ìṣáná kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀. "Mà, ẹ jẹ́ kí n bá a ṣe é títí ìdíje fi máa parí. Mi ò ní ẹ̀bẹ̀ míì." Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní kó wá, ṣùgbọ́n kó má pẹ́.

Nígbà tí Ìṣáná dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́rin kò tíì lù. Ó bá ápírọ́ọ̀nù àbúrò rẹ̀ lórí ìṣó, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti ká a dáadáa. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ó so ó mọ́ra. Ó po ìyẹ̀fun, ó gé e, ó tò ó sínú agolo, ó ti agolo bọ inú iná, ó sì ń fa èyí tó ti jinná jáde. Ooru náà ju ti áyọ́ọ̀nù lọ. Nígbà tí aago márùn-ún ààbọ̀ lù lára ògiri, ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀, kí ó tó tún máa bá iṣẹ́ lọ.

Màdáámù dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo àwọn agolo tó ṣì kù nílẹ̀.

"Ọwọ́ ẹ ò yá tó ti àbúrò ẹ o," ó ní.

Ìṣáná fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ìyẹ̀fun kúrò lójú.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ó ní. "Ó yá jù mí lọ."